Ìṣẹ́tí Gáùn Ayékòótọ́

Tẹ́ ẹ bá rí àwọn ará àdúgbò yẹn, ẹ bá mi bi wọ́n: ta ló sọ fún wọn pé ẹni tó bá ń kọrin kì í sunkún? Àwọn ni wọ́n sọ aránṣọ àdúgbò wọn ní Aláyọ̀, orúkọ ọ̀hún sì lẹ̀ mọ́ obìnrin náà lára títí tí kò fi rí i bọ́ sílẹ̀ mọ́. Orúkọ dáadáa ni, èmi náà gbà. Àmọ́ aṣọ dáadáa náà ń há mọ́ni lọ́rùn.

Kó tó di Aláyọ̀, Ìyá Ayékòótọ́ ni wọ́n ń pè é. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ló ń jẹ́ Ayékòótọ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn, torí ọmọ yẹn lè sọ̀rọ̀! Bó bá jí láàárọ̀, ẹnu ẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jí. Á bi ìyá ẹ̀ pé kí ló dé tí abẹ́rẹ́ lójú tí kò ríran. Á sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ sì wà lẹ́yìnkùlé ilé wọn gan-an, á lọ bi í bóyá ó máa ń dun pákó tí wọ́n bá fi ayùn rẹ́ ẹ. Bàbá á ní, "Lọ bi ìyá ẹ." Ìyá á ní, "Ta ló rán ẹ wá?" Ilé náà ò dákẹ́ rí.

Lọ́dún tí eyín iwájú ẹ̀ yọ, ibà mú un. Lójú wọn, ibà tó ń mú gbogbo ọmọ ni, àfi ìgbà tí Ayékòótọ́ dákẹ́. Bó ṣe dákẹ́ ni ìyá ẹ̀ ti mọ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń da iyẹ̀pẹ̀ bò ó, àwọn èèyàn ti wà ní sẹpẹ́ láti di obìnrin náà mú. Kò gbé ara ẹ̀ ṣánlẹ̀. Ó gbójú sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, orin tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí, tó ń ti ẹnu ara ẹ̀ jáde bó ṣe ń wá:

"Ayọ̀ mi ò sí níkàáwọ́ ikú,
Ọwọ́ Jésù ló wà, ikú ò lè gbà á."

Àwọn tó wá tù ú nínú ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Agbè ò fọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ru omi mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n sì padà délé, gbogbo ẹnu ló ń sọ nǹkan kan náà: irú ayọ̀ wo rèé? Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, pásítọ̀ ní kó wá kọ orin náà níwájú ìjọ. Bó ṣe di Aláyọ̀ nìyẹn. Ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ lọ wo Aláyọ̀." Ẹni tó bá ń sunkún jù, wọ́n á ní, "Ṣé o ò rí Aláyọ̀ ni?" Kò sẹ́ni tó tún pè é ní Ìyá Ayékòótọ́ mọ́. Àánú ni wọ́n pè é o, pé kí wọ́n má baà rán an létí. Ẹ gbà mí! Ta ló gbàgbé?

Ohun tí wọn ò mọ̀ nìyí. Ayọ̀ ọjọ́ yẹn, òótọ́ ni. Obìnrin náà ò purọ́. Ó dà bíi pé ẹnì kan wá dúró tì í létí sàréè náà, tí ẹ̀mí ẹ̀ sì balẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ju ìgbà díẹ̀ lọ tí nǹkan náà fi lọ, kò sì padà wá. Orin ló kù. Ó ń kọ ọ́ níwájú ìjọ, ẹ̀rín á wà lójú ẹ̀, inú ẹ̀ á ṣófo bí ilé tí wọ́n kó ẹrù kúrò ńbẹ̀. Bó bá délé, ó ń bi Ọlọ́run pé, "Olúwa, ayọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣé Ìwọ lo fún mi ni, àbí orí mi ló dàrú?" Ìbéèrè yìí ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Tó bá jẹ́ pé orí ló dàrú, a jẹ́ pé kò ní nǹkan kan mọ́ láyé: kò lọ́mọ, kò láyọ̀, irọ́ ló sì ń pa fún gbogbo àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹ̀rù bà á débi pé kò sunkún rárá. Ó rò pé tí òun bá fi lè sunkún pẹ́nrẹ́n, ìwọ̀nba ayọ̀ tó kù náà á lọ.

Ibẹ̀ ni ìró ẹsẹ̀ kan ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ló ń wá. Nígbà tí agogo ilé ìwé bá lù, tí àwọn ọmọ bá ń sáré kọjá lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan á yà kúrò láàárín tiwọn. Á gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé, sálúbàtà tí okùn ẹ̀ já á máa wọ́ nílẹ̀, ṣá, ṣá, títí dé ẹnu ọ̀nà yàrá tí Aláyọ̀ ti ń ránṣọ. Kọ́tìnì á mì. Ohùn kan á wá ní, "Màmá, ó ti kúrú."

Aláyọ̀ mọ ohun tó kúrú. Gáùn funfun kan ni, tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òun ló rán an fún Ayékòótọ́ nígbà tí ọmọ náà wọ ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé. Aránṣọ tó bá gbọ́n kì í gé aṣọ ọmọdé mọ́ ọn lára. Ìṣẹ́tí tó fẹ̀ dáadáa ló ń ṣẹ́ sí i nísàlẹ̀, kó lè máa rí nǹkan tú bọ́mọ bá ṣe ń ga. Nígbà ayé ẹ̀, Ayékòótọ́ á sáré dé láti ilé ìwé, á wọ̀ ọ́ wò, á na orúnkún ẹ̀ sí ìyá ẹ̀: "Màmá, ó ti kúrú!" Ìyá á tú ìṣẹ́tí náà díẹ̀, á tún un ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ló tún ń gbọ́ yìí.

Ó sì ń tú u. Lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ẹ̀ bá ń wọ kíláàsì tuntun, Aláyọ̀ á gbé gáùn náà sílẹ̀, á tú ìṣẹ́tí ẹ̀ díẹ̀, á lọ̀ ọ́, á gbé e padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ náà á wá dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

Ọkọ ẹ̀ bá a lẹ́nu ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, eruku pákó wà lórí ẹ̀.

"Kí lò ń ṣe sí aṣọ ọmọ yẹn?"

"Mò ń tú ìṣẹ́tí ẹ̀ ni."

"Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?"

Aláyọ̀ bá rẹ́rìn-ín. Kò mọ ohun míì tí ojú ẹ̀ lè ṣe mọ́. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa yọ̀ nínú Olúwa."

Ọkùnrin náà wò ó títí. "Ẹ̀rín tó ò ń rín yìí, ó ń bà mí lẹ́rù ju ikú tó wọlé wa lọ."

Láti ọjọ́ náà ló ti di pé ṣọ́ọ̀bù ló ń jí sí, ibẹ̀ ló sì ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò tẹ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Bí wọ́n bá ń lọ ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ ó máa gbọ́ òòlù ẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni gbéṣẹ́ fún un.

Ìgbà tó yá, ìṣẹ́tí tán. Ó tú u kan ẹnu aṣọ gan-an, kò sí nǹkan tó kù. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ṣá, ṣá, "Màmá, ó ti kúrú." Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kí ni kó ṣe? Ó ra aṣọ funfun, ó gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ó rán an mọ́ ìdí gáùn náà. Nígbà tó tún di ọdún, ó tún rán òmíì mọ́ ọn. Gáùn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í gùn bí aṣọ wúńdíá, èjìká ẹ̀ ṣì kéré, ọwọ́ ẹ̀ ṣì kéré, kò jọ aṣọ ẹ̀dá kankan mọ́.

Mo ní láti sọ bó ṣe ń wọn aṣọ fún yín, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ò mọ̀wé. Okùn ló fi ń wọn èèyàn, ohun tí òun náà sì kọ́ nìyẹn. Okùn kan, oníbàárà kan. Á ta kókó síbi èjìká, á ta síbi ìbàdí, á ta síbi tí aṣọ máa dé. Kó má baà ṣi okùn mú, á so àjákù aṣọ oníbàárà náà mọ́ ọn lórí, á gbé e kọ́ ìṣó lára ògiri. Okùn Ayékòótọ́ náà wà lórí ìṣó láàárín tàwọn alààyè, àjákù aṣọ funfun sì wà lórí ẹ̀. Bó bá ti tú gáùn náà, á ta kókó tuntun sí okùn yẹn, níbi tó rò pé ọmọ òun ì bá ga dé.

Àdúgbò náà ni nọ́ọ̀sì kan ń gbé, tí ọmọbìnrin ẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ Ayékòótọ́. Wọ́n jọ ṣeré, wọ́n jọ pààrọ̀ eyín. Ọmọ náà ti wá ga gogoro, Agùntáṣọọ́lò ni wọ́n ń pè é. Ó fẹ́ ṣèrìbọmi, ìyá ẹ̀ bá gbé aṣọ funfun kan wá fún Aláyọ̀, aṣọ tó tutù lọ́wọ́ bí omi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá mi ló rà á sílẹ̀ kó tó kú. Ó ní aṣọ tí ọmọ-ọmọ òun máa fi wọ odò nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣọ́ ọ gé o. Ó ṣe wẹ́kú ni, irú ẹ̀ ò sì sí lọ́jà mọ́."

"Má yọnu. Bọ́ síbí, Agùntáṣọọ́lò. Ọmọ yìí, ta ló ń bomi rin ẹ́ gan-an?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Aláyọ̀ fi okùn wọ̀n ọ́n, ó ta kókó, ó so àjákù funfun mọ́ ọn, ó gbé e kọ́. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí èjìká ọmọ náà kan àyà ẹ̀, ojú ẹ̀ sáré lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọ̀sán ọjọ́ tó fẹ́ gé aṣọ náà, ó ti tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ti mú ṣọ́ọ̀kì. Agogo ilé ìwé lù. Ṣá, ṣá. Kọ́tìnì mì. Kò gbójú sókè. Ó ń gbàdúrà lábẹ́nú, ó na ọwọ́ sẹ́yìn sára ìṣó, ó mú okùn tó ní àjákù funfun lórí, ó fi wọn aṣọ náà, ó sì gé e.

Ó rán gáùn náà tó fi rẹwà. Nígbà tí ọjọ́ ìrìbọmi kù sí dẹ̀dẹ̀, nọ́ọ̀sì àti ọmọ ẹ̀ wá wọ̀ ọ́ wò. Agùntáṣọọ́lò gbé e bọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà láti wọ̀ ọ́. Aláyọ̀ jókòó sídìí máṣíìnì, ó ń retí. Sálúbàtà ọmọ náà wọ́ nílẹ̀ díẹ̀. Kọ́tìnì mì. Ohùn ọmọbìnrin kan ní,

"Màmá, ó ti kúrú."

Igbe tí Aláyọ̀ ké, wọ́n gbọ́ ọ dé òpin àdúgbò. Ó wó kúrò lórí àpótí, ó ṣubú lulẹ̀, ó ń pariwo pé, "Mò ń tú u! Mo ti ń tú u! Aṣọ ti tán lọ́wọ́ mi, ọmọ mi, kò sí nǹkan tí mo lè tú mọ́!"

Agùntáṣọọ́lò jáde, ẹ̀rù ti bà á, gáùn náà ò kan orúnkún ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rí aṣọ. Ẹ má bá a wí, aṣọ ìyá ẹ̀ ni. "Yéè! Aṣọ ìyá mi! Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ gé báyìí?" Ó wá rí okùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùmọ́gàjí, ó gbé e sókè, ó rí bí kókó ṣe tò tẹ̀ lé kókó lára ẹ̀. Kò sí okùn oníbàárà tó rí bẹ́ẹ̀. "Okùn ta nìyí?"

"Ti Ayékòótọ́ ni," Aláyọ̀ ní nílẹ̀ níbẹ̀. "Okùn ọmọ mi ni mo fi gé e. Ẹ dárí jì mí."

Kò sẹ́ni tó ti dárúkọ yẹn nínú ilé náà láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọmọ náà. Agùntáṣọọ́lò ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Ayékòótọ́ ọ̀rẹ́ mi? Mo máa ń fẹ́ bi yín nípa ẹ̀, mà. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ kí èèyàn dárúkọ ẹ̀ ni."

Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn ẹ̀ nìyẹn o. Ẹkún tó ti ń bẹ ńbẹ̀ látọjọ́ yìí ya lu obìnrin náà bí omi tó já ìdènà. Nọ́ọ̀sì ju okùn sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, ó gbé orí ẹ̀ lé itan. "A gba orin lọ́wọ́ yín, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "a ò bi yín bóyá ẹ ti sunkún."

Káfíńtà ti sáré wọlé, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó rí ìyàwó ẹ̀ nílẹ̀, ó rí omijé lójú ẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ tì í.

"Mo ti tàn yín jẹ," Aláyọ̀ ní fún un. "Mo tan gbogbo èèyàn jẹ. Mi ò láyọ̀ kankan. Orí mi ló dàrú lọ́jọ́ yẹn."

"Orí ẹ ò dàrú." Ọkùnrin náà fi òòlù sílẹ̀. "Àbí o ti gbàgbé ni? Ìdájí ọjọ́ tá a fẹ́ sin ín, o sunkún títí tí ohùn ẹ fi há. Èmi ni mo gbé ẹ mọ́ra. Ṣẹ́ẹ̀tì mi tutù rinrin. O wá ní, 'Ẹnì kan wà pẹ̀lú wa nínú yàrá yìí,' o sì dákẹ́. Lójú èmi tí mo wà ńbẹ̀, ẹkún lo ti sun kó o tó kọrin. Àwọn tó wà létí sàréè ò rí ẹkún náà, orin nìkan ni wọ́n gbọ́. Ìwọ náà wá gbà wọ́n gbọ́."

Aláyọ̀ wò ó lójú. Ó rántí. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, obìnrin yìí sì ríran. Nígbà tó ń bẹ̀rù pé ẹkún á gba ayọ̀ lọ́wọ́ òun, ilẹ̀kùn tí ayọ̀ náà gbà wọlé ló ń tì. Ó sunkún síwájú, kò dá a dúró mọ́, àárín ẹkún náà ló sì ti tún bá a: ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn, Ẹni yẹn tó dúró tì í létí sàréè. Kò yí padà, kò sì bínú. Inú ẹ̀ bàjẹ́, inú ẹ̀ sì dùn, ìkan ò lé èkejì jáde. Jésù ò lọ síbì kankan látọjọ́ náà. Obìnrin náà ni kò jẹ́ kí omijé fọ ojú ara ẹ̀ kó lè rí I.

Nígbà tó dìde, ó nu imú ẹ̀, ó fi ojú iṣẹ́ wo gáùn ìrìbọmi náà. Gbogbo èyí tó kù nínú aṣọ náà ti di àjákù wẹ́wẹ́. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Bá mi gbé e," ó ní fún ọkọ ẹ̀.

Káfíńtà di èjìká gáùn kékeré náà mú, ìyàwó ẹ̀ ń tú u. Ó tú gbogbo èyí tó rán mọ́ ọn kúrò. Ó dé ibi ìṣẹ́tí àtijọ́, ó ká a padà sókè, ó ń wá ojú ìlà tí áyọ́ọ̀nù ti fi sílẹ̀, títí tó fi dé èyí tí ọmọ náà wọ̀ kẹ́yìn. Ó dúró níbẹ̀. Gáùn náà padà di aṣọ ọmọ tí eyín iwájú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Wọ́n gbé e padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Aṣọ tó tú náà ló fi gba gáùn ìrìbọmi là. Funfun ẹ̀ ò bá ti ìyá nọ́ọ̀sì mu délẹ̀, èèyàn á rí ojú ìránpọ̀ níbi tí wọ́n ti pàdé. Nọ́ọ̀sì ní kó má fi nǹkan bò ó. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Agùntáṣọọ́lò wọ inú omi lọ, ìdí gáùn náà sì léfòó yí i ká. Pásítọ̀ ní kí Aláyọ̀ kọ orin ẹ̀. Ó dìde, ẹkún gbà á lẹ́nu kó tó délà kejì, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ó sunkún tán, ó sì kọ ọ́ parí. Ìyá kan tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ láìpẹ́ wà lẹ́yìn, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún sókè, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé kó wo Aláyọ̀.

Òòlù ò dún lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ káfíńtà ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìta ló dúró sí, lẹ́bàá fèrèsé, ó sì lọ kí wọ́n tó jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Aláyọ̀ jókòó sídìí máṣíìnì, ó ń tú kókó lára okùn ọmọ ẹ̀, gbogbo èyí tó fi àròsọ ta, ó ń tú wọn níkọ̀ọ̀kan. Agogo ilé ìwé lù. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ kún ojú ọ̀nà. Ọ̀kan yà kúrò láàárín wọn. Ṣá, ṣá, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé, ó dé ẹnu ọ̀nà. Kọ́tìnì mì.

Kò na ọwọ́ sí àlùmọ́gàjí. "Ó tó ẹ, ọmọ mi," ó ní, omijé ń dà lójú ẹ̀. "Ó tó ẹ bó ṣe wà yẹn. Kò ní kúrú sí ẹ mọ́ láé. Jésù ló ń wọ̀ ẹ́ láṣọ báyìí."

Ó ń retí èsì. Kọ́tìnì náà tún mì, ọkọ ẹ̀ ló ṣí i. Láti ṣọ́ọ̀bù ló ti gbọ́ tí Aláyọ̀ ń sọ̀rọ̀. Ó wo ojú ìyàwó ẹ̀, ó wo gáùn kékeré tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì jókòó sórí àpótí àwọn oníbàárà.

"Ìyá Ayékòótọ́," ó ní, "kí ló sọ?"

Ọjọ́ pẹ́ tí obìnrin náà ti gbọ́ orúkọ ara ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó gbé ọwọ́ lé àyà.

"Kò sọ nǹkan kan, bàbá ẹ̀. Lónìí, ó dákẹ́."

Káfíńtà mi orí. Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó sunkún. Nígbà tó yá, pẹ̀lú ohùn ẹni tí kò kọrin látọjọ́ pípẹ́, tí kò sì mọ̀ ọ́n kọ tẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a: "Ayọ̀ mi ò sí níkàáwọ́ ikú." Ìyàwó ẹ̀ gbè é.